Ìbọ̀wọ́ Pupa Tí Mo Tú Lórí Òpó Ọkọ̀ Torgils

Ẹ jókòó kí n sọ fún yín. Èmi Jostein ará erékùṣù Skarvøya, èmi ni mo fi ọkọ̀ apẹja onígi kan lé ọkọ̀ èrò ayára-bí-àṣá bá, tí mo sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Omi tí mo là ga ju ilé ìsìn wa lọ. Ẹja ń já bọ́ sórí òrùlé àwọn èèyàn, débi pé ìyá arúgbó kan létíkun ṣa ẹja tó jẹ títí di ọdún Kérésì láì fẹsẹ̀ kan omi. Eré náà le tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji mi kò lè bá mi gúnlẹ̀ pọ̀; èmi ni mo dúró dè é, mo ti mu kọfí tán kó tó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí mo sì ń kọjá níwájú fèrèsé ọ̀gá awakọ̀ èrò náà, atẹ́gùn já ìbọ̀wọ́ pupa kan lórí òpó ọkọ̀ mi, ó gbá ọ̀gá náà létí ọ̀tún, ó yí padà, ó gbá a létí òsì, ó tẹrí ba fún un bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìtàn tí mo ti fi gba kọfí ọ̀fẹ́ kiri àríwá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ rí, ẹ̀yin náà ẹ má gbà á gbọ́. Irọ́ ni láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, àfi ìbọ̀wọ́ yẹn. Ìbọ̀wọ́ pupa kan wà lóòótọ́, òpó ọkọ̀ kan sì wà lóòótọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ yóò bá a. Ó ti bá a. Yàrá kan lókè ilé tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí ni mo wà báyìí, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, mò ń kọ ohun tí mo ti gbé mì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Bí mi ò bá sọ ọ́, yóò pa mí. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ó lè pa mí náà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ná.

Ìwé kò wọ̀ mí lórí. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ilé ìwé tó ráyè fi mí sílẹ̀. Ẹnu ni mo ní, ẹnu náà ni mo sì fi ń jẹun. Èmi ni mo kun ewúrẹ́ àlùfáà wa ní àwọ̀ ewé tí wọ́n fi wá a títí láàárín koríko. Èmi ni mo fi àgbá ẹja ṣe ọkọ̀, tí mo fi aṣọ ibùsùn ìyá mi ṣe ìgbòkun, tí òkun sì ń gbé mi lọ bí ẹrù tí wọn ò kọ orúkọ sí. Ẹni tó wọ omi fà mí jáde lọ́jọ́ yẹn ni Torgils. Ó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ. Ó gbé mi sétí òkun, ó gbá mi lójú, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀ mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ní erékùṣù wa, bí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí wọ́n fi ríńgì tuntun sí i, tí wọ́n tò ó padà, a kì í pè é ní ẹ́ńjìnnì mọ́. Ìkókó là ń pè é. Àwọn obìnrin á se ògì oníwàrà kíkan, bọ́tà á máa yọ́ lórí ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbé lọ bá ìyá ọlọ́mọ gan-an. Wọ́n á gbé e wá sí èbúté, gbogbo wa á sì jẹ ẹ́ lórí ọkọ̀ náà. Ìyàwó ọlọ́kọ̀ á hun ìbọ̀wọ́ pupa méjì. Ọwọ́ ọ̀tún á gun orí òpó ọkọ̀, ọwọ́ òsì á wà nílé lókè àtẹ́rígbà. Níwọ̀n ìgbà tí ìbọ̀wọ́ bá ṣì wà lórí òpó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọkọ̀ náà sí eré, kò sì gbọdọ̀ ní kó wá fa ọkọ̀ òun. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá já lẹ́nu ọmú tán ni wọ́n á tú u wálẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á pàdé ọwọ́ òsì, ọlọ́kọ̀ á sì wọ méjèèjì lọ sí ìpẹja àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tèmi kò gbé ìbọ̀wọ́ rí láyé. Ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ dàgbà ju bàbá mi lọ, kò sẹ́ni tó já a wò rí. Bí mo bá tan án, àwọn ẹyẹ òkun á máa wú ikọ́.

Ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún gbogbo wa ni Bàbá Åsmund. Ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu ẹ̀ bí oòrùn ṣe ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa lóṣù Kejìlá. Bó bá gbé ẹ́ńjìnnì lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́, gbólóhùn kan ló ń sọ: "Má jẹ́ kó sáré, má jẹ́ kó jókòó." Ó parí. Ẹni tí kò bá yé á bi ẹlòmíì. Tí ìkókó bá sáré, ara tuntun á gbóná, irin á máa họ irin. Tó bá jókòó lójú kan tó ń kùn lásán, ríńgì àti ògiri sílíńdà ò ní mọ ara wọn, wọ́n á dà bí ọkọ àti ìyàwó tí kì í jọ sọ̀rọ̀. Rírìn ni kó máa rìn. Gbé e sókè díẹ̀, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, fún un lẹ́rù díẹ̀, jẹ́ kó mí. Lẹ́yìn náà, tú ọ́ìlì àkọ́kọ́ dànù, kí o sì wò ó dáadáa kí o tó dà á.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí à ń wí yìí, Bàbá Åsmund ṣẹ̀ṣẹ̀ to ẹ́ńjìnnì Havdis, ọkọ̀ Torgils, padà ni. A ti jẹ ògì, ìbọ̀wọ́ ti gun òpó. Sunniva, ìyàwó Torgils, ló hun ún, oyún wà nínú ẹ̀ nígbà náà tó ga bí òkè. Torgils wá bá mi létí omi. Ó ní, "Jostein, àwọn dókítà ní kí Sunniva máa bọ̀ nílùú ńlá. Ọmọ fi ìdí sísàlẹ̀. Mo ní láti bá a lọ, mi ò sì mọ ọjọ́ tí a máa dé. Ìkókó méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ mi ò ká a. Bá mi rìn èyí tó wà lómi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Kí ẹ tó dé, á ti máa pè mí ní màmá."

Ó rẹ́rìn-ín. Sunniva kò rín in. Ó dúró lórí pákó èbúté, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ní, "Jostein, a kì í fi ẹnu tọ́jú ìkókó o."

"Ìyàwó wa, ẹnu kọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì rèé. Ẹ wò ó, wọ́n mọ́ ju ti nọ́ọ̀sì lọ."

"Wọ́n ń rùn," ló wí. Ó wá wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Mo tọ́jú ẹ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìyẹn gbọ́, bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ máa gbà. Mò ń rìn ín gẹ́gẹ́ bí Bàbá Åsmund ṣe wí, mo ń gbé e sókè, mo ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìrìn mi. Ọkọ̀ èrò ayára-bí-àṣá a máa kọjá lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀ a sì máa gbára lé irin ọkọ̀, wọ́n á máa fi mí ṣeré. "Ìgbín," ni ọ̀kan nínú wọn máa ń ké sí mi, "ṣé ò ń lọ ni àbí ò ń bọ̀?" Èmi náà á dá a lóhùn pé ìyá rẹ̀ ni mò ń dúró dè, ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ kan ni mo wá pariwo sí wọn pé bí mo bá ṣí ẹ́ńjìnnì yìí sílẹ̀, wọ́n á máa fi awò ọ̀nà jíjìn wá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan gbójú sókè, ó rí ìbọ̀wọ́ lórí òpó, ó sì sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ìkókó ni."

Ọkọ̀ ló ń bá wí. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Ìkókó. Èmi tí irùngbọ̀n mi tó gbá ilẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ èrò tó yọ, mo gun òpó, mo fi ọwọ́ ara mi tú ìbọ̀wọ́ Sunniva. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mo tú u. Atẹ́gùn kò já ohunkóhun. Sunniva ti ta á ní kókó tó le, eyín ni mo fi tú u. Mo fi í sórí pákó iwájú fèrèsé nínú ilé ìtukọ̀, mo sì ti ọ̀pá ìsáré dé òpin.

Mo fẹ́ sọ bí eré náà ṣe rí gan-an fún yín, nítorí mi ò sọ ọ́ rí. Ọkọ̀ èrò náà kò mọ̀ pé à ń sáré. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀, kò sẹ́nì kankan níta, gbogbo wọn wà nínú ilé wọn. Ó kọjá lára mi bí olówó ṣe ń kọjá lára alágbe, kò tilẹ̀ yíjú. Èmi nìkan ni mò ń pariwo lórí omi. Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ń kọrin, ó dùn, mo sì ń bá a kọ ọ́. Nígbà tó yá, orin di ìkérora. Òórùn kan jáde nísàlẹ̀, bí òórùn ìkòkò tí omi gbẹ mọ́ nídìí. Ṣé mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Mo ní kí n ṣáà dé ẹ̀yìn àpáta iwájú yẹn ná. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn àpáta, mo ní kí n dé èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ṣílẹ̀kùn kí èéfín lè jáde, atẹ́gùn sì wọlé, ó gbé ìbọ̀wọ́ lórí pákó, ó bá a jáde sórí òkun. Mo rí i tó ń lọ, ó pupa, ó na ìka kan ṣoṣo sókè bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Mo dúró ní ibi ìdákẹ́rọ́rọ́ kan, mo tú ọ́ìlì sínú páànù. Ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé ó dára. Irin ni. Ara ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ ara ẹ̀. Mo mọ̀ níbẹ̀. Kò sí ìwé tí mo nílò láti mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó kù fún mi ni kí n lọ bá Bàbá Åsmund, kí n ní, "Bàbá, mo ti ṣe é." Á wò mí, á dákẹ́, á já ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀kejì. Torgils á gbá mi lójú lẹ́ẹ̀kejì láyé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí kí ojú má tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe ṣẹlẹ̀. Mo da ọ́ìlì tó ń dán náà sókun, mo ra ọ́ìlì tó ki jù lọ, mo rọ ọ́ sí i kí ó lè pa á lẹ́nu mọ́, bí ẹni fi ọmú tí kò ní wàrà dí ọmọ lẹ́nu.

Ó wá ku ìbọ̀wọ́. Mo lọ bá Àǹtí Gudveig, àbúrò ìyá mi, ẹni tó ń hun nǹkan bí ẹni ń mí. Mo ní kí wọ́n bá mi hun ìbọ̀wọ́ pupa ẹyọ kan, ọwọ́ ọ̀tún.

Wọ́n gbé awò ojú wọn sókè. "Ẹyọ kan? Ta ló gé ọwọ́ kejì?"

"Àǹtí, atẹ́gùn ló gbé ti Sunniva."

"Hẹn. Atẹ́gùn ti ń tú kókó báyìí."

"Atẹ́gùn ìsinsìnyí burú, Àǹtí."

"Jostein, kí lo fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe?"

"Mi ò fi í ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí Sunniva mọ̀ pé ó sọnù, oyún wà nínú ẹ̀, kí ọkàn ẹ̀ má dà rú."

Ọ̀rọ̀ oyún yìí ló mú wọn. Mo mọ̀ pé yóò mú wọn. Wọ́n kó òwú tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù jáde, wọ́n ń hun ún, wọn ò wo ojú mi. "Màá hun ún," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n má tún bi mí ní nǹkan kan mọ́ lọ́dún yìí." Bí mo ṣe fa obìnrin tó fọ ẹnu mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé wọ inú ìdọ̀tí mi nìyẹn.

Torgils àti Sunniva dé pẹ̀lú ọmọbìnrin jòjòló kan, Ylva. Gbogbo èèyàn wá sí èbúté. Mo tú ìbọ̀wọ́ tí Àǹtí Gudveig hun lórí òpó lójú gbogbo ayé, mo gbé e fún Sunniva, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ó wò wọ́n pẹ́ díẹ̀. "Oòrùn ti pa èyí lára," ló wí, ó sì fi méjèèjì wọ ọkọ rẹ̀. Torgils tan ẹ́ńjìnnì. Ó dáhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Åsmund nìkan ni kò pàtẹ́wọ́; ó fi etí lé ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ọwọ́ pa á lára. Ó ní, "Ohùn ẹ̀ ti nípọn. Kì í ṣe bí mo ṣe fi í sílẹ̀ nìyí. Torgils, jẹ́ kí n já a wò."

Ẹ wo ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi. Gbólóhùn kan péré. Kàkà kí n wọlé, mo ní, "Bàbá Åsmund, ṣé ohùn ọmọ kì í nípọn bó bá tó àsìkò ni? Ó ti bàlágà ni. Lọ́la á hu irùngbọ̀n." Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Torgils ń nu ojú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹja ò ní pẹ́ wọlé, tí ẹ bá tún já a, màá pàdánù ìgbà." Bàbá Åsmund nu ọwọ́ ẹ̀ sára ṣòkòtò, ó lọ sílé. Mo borí. Ẹ wo irú ìborí.

Ìgbà òtútù dé, ẹja tí wọ́n ń sá di pánla wọlé bí ogun, gbogbo ọkọ̀ jáde. Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìjì bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ sì ń padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú yàrá kọfí níbi tí wọ́n ti ń gba ẹja ni mo wà, Bàbá Åsmund wà níbẹ̀, rédíò ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri. A gbọ́ ohùn Torgils, ó fara balẹ̀, bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Ó ní, "Havdis nìyí. Ẹ́ńjìnnì mi ti nọ́ọ̀kì. Ó kàn dákẹ́ ni. Atẹ́gùn ń gbé mi lọ sára àpáta." Ẹnì kan bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Jostein bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa, mi ò lè pa irọ́ mọ́ ọn. Ẹ bá mi sọ fún Sunniva pé..." A ò gbọ́ ìyókù.

Wọ́n rí i ní ọjọ́ kejì nísàlẹ̀ àpáta, ìbọ̀wọ́ pupa méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹ̀gbọ́n mi sọ láyé, ó fi gbè mí ni. Ẹ̀rí tó jẹ́ fún mi yìí náà ló sì di okùn tí mo fi so Bàbá Åsmund lọ́rùn. Nítorí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: bó bá jẹ́ pé Jostein tọ́jú ẹ̀ dáadáa, a jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tò ó ni kò dáa. Bàbá Åsmund ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá bí àwọn ṣe máa fa ẹ́ńjìnnì náà jáde nínú òkun, kí òun já a wò, kí òun mọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bó bá já a, irin tó họ irin á sọ̀rọ̀. Mo wo yàrá kọfí yíká, mo sì ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, kò sí ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì tí Åsmund Adákẹ́ bá ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín dídùn, ẹ̀rín àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ìbànújẹ́ wọn sí ni. Orúkọ náà kò kúrò lára ẹ̀ mọ́. Åsmund Adákẹ́. Àwọn ọmọdé ń fi í kọrin. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé ẹ́ńjìnnì wọn kọjá lọ ṣe ní òdìkejì omi. Mo rí i tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ẹ̀, irin iṣẹ́ ẹ̀ tò lọ sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní nítorí kò sí ohun tó ń fi wọ́n ṣe. Mo kí i. Ó máa ń dá mi lóhùn, nítorí èmi nìkan ló kù tó ń kí i.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Kò tíì burú. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rù, ó dà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí ibùsùn. Ó di ọwọ́ mi mú. "Jostein," ló wí, "ìwọ lo lò ó jù. Bá mi rò ó. Ṣé ó ní bóòtù kan tí o rí tí mi ò fún dáadáa? Mo ti tò ó lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n àgbà ti ń dé. Tó bá jẹ́ èmi ni, sọ fún mi, kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Torgils bí mo bá dé ọ̀hún."

Mo wo ojú ẹ̀. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá. Mo ní, "Bàbá, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé." Ó mi orí. Ó ní, "O ṣeun tí o sọ òtítọ́ fún mi." Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó dákẹ́. Mo bá wọn gbé pósí ẹ̀, ejìká mi ni orí ẹ̀ wà.

Kí n tó sọ bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ mí, ẹ jẹ́ n bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń sọ pé ẹ fẹ́ràn àwọn aláwàdà bí tèmi. Ẹ̀rín kì í fọ nǹkan mọ́, ó kàn ń bò ó ni. Bí ẹ bá ba nǹkan ẹlòmíì jẹ́, ẹ lọ sọ fún un nígbà tí ọ́ìlì ṣì wà nínú páànù, nígbà tí ojú títì ọ̀sẹ̀ kan ṣì lè san án. Bàbá Åsmund, ẹ forí jì mí. Ẹ fún gbogbo bóòtù yẹn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n Torgils, mi ò ní ẹnu láti bẹ̀ yín. Sunniva, tí èyí bá dé ọwọ́ yín, ẹ kà á sétí gbogbo ará Skarvøya, kí ẹ sì bá mi yọ orúkọ burúkú yẹn kúrò lára òkú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Sunniva ti ń pẹja fúnra ẹ̀ látìgbà tí Ylva ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lẹ́nu ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ó tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀ ṣe lódìkejì, wọ́n gbé e dé, wọ́n se ògì, ìbọ̀wọ́ gun òpó. Gbogbo wa pé sórí ọkọ̀. Inú èèyàn kò dùn tó bó ṣe yẹ, torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rán wọn létí Torgils. Sunniva fúnra ẹ̀ ló ní, "Jostein, pa wá lẹ́rìn-ín. Ìtàn ọkọ̀ èrò yẹn." Mo gbé ṣíbí sókè bí ẹni tó fẹ́ wàásù, mo bẹ̀rẹ̀. Omi ga ju ilé ìsìn lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òjìji mi kò bá mi gúnlẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ lu itan. Gbogbo ibi tí mo ti ń sọ ọ́ lóde, mo máa ń fi ìbọ̀wọ́ parí ẹ̀. Nílé, mi ò fi í kún un rí. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí bí ọtí. Ahọ́n mi sáré jù mí lọ. Mo ní, "Atẹ́gùn wá já ìbọ̀wọ́ pupa lórí òpó ọkọ̀ mi, ó gbá ọ̀gá awakọ̀ létí..."

Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ bọ́tà tó ń yọ́ nínú àwo.

Sunniva ní, "Òpó ọkọ̀ ta ni?"

"Tèmi ni. Ìyàwó wa, irọ́ ṣáà ni, ẹ mọ̀ mí."

"Ọkọ̀ tìẹ kò gbé ìbọ̀wọ́ rí. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí ìwọ bá wọn rìn láyé yìí àfi ẹyọ kan." Kò pariwo. Ó gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Nígbà tí wọ́n gbé Torgils wá fún mi, òkun ti fọ àwọ̀ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún dànù, ó ti funfun. Ọwọ́ òsì ṣì pupa bí ọjọ́ tí mo rẹ ẹ́ láró. Ìkòkò kan náà ni mo ti rẹ méjèèjì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo ṣì ṣe. Jostein, ta ló hun ọwọ́ ọ̀tún?"

Lẹ́bàá òpó, Àǹtí Gudveig tẹ orí wọn ba sínú àwo ògì. Wọ́n ní, "Òwú ṣọ́ọ̀bù ni. Òwú ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣá."

Ojú gbogbo wọn kúrò lára Àǹtí, ó bọ̀ sára mi. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lù mí ni, bóyá ǹ bá dúró. Mo fò láti orí ọkọ̀ sórí pákó èbúté, mo kọjá níwájú ilé iṣẹ́ Bàbá Åsmund tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn ẹ̀ pa, mo já okùn ọkọ̀ mi, mo tan án, mo sì ti ọ̀pá ìsáré dé òpin láìjẹ́ kó gbóná. Mi ò wẹ̀yìn. Èmi tí mo ní mo sáré ju òjìji mi lọ, òjìji méjì, ti Torgils àti ti Bàbá Åsmund, ló ń bá mi bọ̀ lórí omi, wọn ò sì mí hẹlẹ. Bí mo bá sáré, ara mi ń jó. Bí mo bá jókòó, ẹ̀rín èbúté yẹn á dé etí mi. Nígbà tí Skarvøya wọ inú òkun tán ni mo tó wo ọwọ́ mi, mo rí i pé ṣíbí Sunniva ṣì wà níbẹ̀, ògì ti gbẹ mọ́ ọn.